Àdéhùn àárín òǹkọ̀wé àti ayàwòrán aládàáni: kí ni owó tí a san rà gan-an?

Olùbéèrè, òǹkọ̀wé ìtàn ọmọdé, kọ pé:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ló dé sílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ní bí ọdún 2 sẹ́yìn, mo gbé ìtàn ọmọdé kan tí mo kọ fún ayàwòrán kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, pé kí ó bá mi ya àwòrán gbogbo ojú ìwé rẹ̀. A jọ fẹnu kò lórí iye owó nínú ímeèlì, mo san án pé láìjẹ gbèsè, òun náà sì kó iṣẹ́ fún mi lásìkò. Ìwé náà jáde, àwọn òbí àti olùkọ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, èmi fúnra mi sì ń gbèrò láti fi àwòrán ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí sára káàdì àti aṣọ ọmọdé. Nígbà tí mo sọ fún ayàwòrán náà, ó fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé inú òun dùn sí i, ṣùgbọ́n pé ìwé kan, ní èdè kan, ni òun gba owó fún, àti pé ó yẹ kí a jókòó sọ̀rọ̀ lórí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí èrò mi ni pé ẹni tó bá sanwó ọjà ló ni ọjà. Mi ò fẹ́ jà, mi ò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ta ló ni àwọn àwòrán wọ̀nyí? Kí sì ni mo lè ṣe kí irú èyí má tún wáyé lórí ìwé kejì tí mo ń kọ lọ́wọ́?

Ayàwòrán ìwé kan fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá kí ó tó di ìjà. Ayàwòrán ni èmi náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì ti wà ní ipò ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ló wà nínú àwòrán kan, tí àwọn èèyàn sì máa ń kà sí ẹyọ kan ṣoṣo. Èkíní ni àwòrán gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè fọwọ́ kàn, ìyẹn bébà tí ọ̀dà gbẹ sí. Èkejì ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí í ṣe agbára tí òfin fún ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti sọ ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹni tó lè tà á, àti ẹni tó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ ìlò, èyí tí í ṣe àyè tí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ẹlòmíràn láti lo iṣẹ́ náà fún ohun kan pàtó, ní ibi kan pàtó, fún iye ọdún kan pàtó. Ẹni tó ra bébà àwòrán lè gbé e kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ títí ayé, síbẹ̀ kí ó má ní ẹ̀tọ́ láti tẹ ẹ̀dà kan jáde nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó sanwó pé kí a ya àwòrán fún ìwé lè máà ní ju àṣẹ láti lò ó nínú ìwé yẹn lọ. Nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí, ẹ̀kẹta ló jọ pé ẹ rà.

Ní ti òfin, Àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 1886, tí orílẹ̀-èdè tó ju 170 lọ sì ti wọ̀ báyìí, sọ pé ẹ̀tọ́ àdàkọ kò gbọdọ̀ dúró de ìforúkọsílẹ̀ kankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, àti pé ó gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ àti fún ọdún 50, ó kéré tán, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibi tí òfin orílẹ̀-èdè kan ti yàtọ̀ sí òmíràn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1988 fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ayàwòrán aládàáni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sanwó iṣẹ́, kò sì lè gbé e fún ẹlòmíràn àfi nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1976 fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ di ẹni tó dá a lójú òfin, ṣùgbọ́n bí ayàwòrán kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, irú iṣẹ́ 9 péré ni òfin náà kà sílẹ̀ fún èyí, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀. Ní Jámánì, a kò lè ta ẹ̀tọ́ náà rárá. A lè jogún rẹ̀, àṣẹ ìlò nìkan sì ni a lè fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn òǹkọ̀wé pé kí wọ́n má kàn da àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìwo orílẹ̀-èdè tí a kọ ọ́ fún. Gbólóhùn tó lágbára níbì kan lè jẹ́ ọ̀rọ̀ asán níbòmíràn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yín dé yìí, tí kò sí ìwé kankan àfi ímeèlì nípa iye owó, ohun tí adájọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé àwòrán náà wà fún ní ọjọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé ni ẹ dárúkọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí káàdì. Ọ̀rọ̀ ayàwòrán yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ inú ìtàn náà, orúkọ ọmọ náà, ìwà rẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, tiyín ni wọ́n. Òun kò lè fi ọmọ náà ṣe ìwé tirẹ̀ láìbá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè gbé ojú tí ó fún ọmọ náà lọ sí ọjà láìbá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ bá padà lọ bá a. Ìtumọ̀ èdè súnmọ́ ohun tí ẹ ti jọ ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì rọrùn láti parí rẹ̀ pẹ̀lú owó kan ṣoṣo tí ẹ ó san, tàbí kí ó gba ìdá kan nínú ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ náà bá san fún yín. Aṣọ àti káàdì jẹ́ òwò mìíràn, tí àwòrán gan-an jẹ́ ohun tí oníbàárà ń rà níbẹ̀. Ìpín tó nípọn ló yẹ ayàwòrán nínú irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tó rọrùn kọ́kọ́ yanjú, kí ìgbẹ́kẹ̀lé lè padà sáàárín yín.

Òǹkọ̀wé kan tó ti tẹ ìwé 4 jáde fúnra rẹ̀ fèsì:

Gbogbo ohun tí ayàwòrán wa sọ ni mo fara mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un dá lé ìwé kejì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti lè tún nǹkan ṣe láti ìpìlẹ̀. Lórí ìwé mi àkọ́kọ́, mo ṣe àṣìṣe kan tó kù díẹ̀ kí ó ba ìwé náà jẹ́. Ayàwòrán mi fi àwòrán pẹ́ńsùlù ránṣẹ́ sí mi, mo wò ó fìrí, mo ní ó dára, nítorí pé mò ń kánjú láti rí èyí tó ní àwọ̀. Ó ti kun ojú ìwé 14 tán kí n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ọmọ ọdún 10 ni mo kọ sínú ìtàn, àmọ́ ọmọ ọdún 5 ló wà nínú àwòrán. Mo ní kí ó tún un yà. Ó ní òun yóò gba owó mìíràn. Mo bínú, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu mi, oṣù 2 gbáko ni a kò sì fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo padà ka ìtàn tí mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì rí i pé n kò kọ ọjọ́ orí ọmọ náà síbì kankan. Inú orí mi nìkan ló wà. Mo tọrọ àforíjì, mo san owó náà.

Láti ìgbà náà, ìpele ni mo fi ń ṣe iṣẹ́, mo sì máa ń kọ ìpele náà sínú àdéhùn. A máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà ìrísí, níbi tí ayàwòrán ti ya ẹ̀dá inú ìtàn kọ̀ọ̀kan níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín àti nígbà tó ń sunkún, tí wọ́n sì dúró ti ara wọn kí a lè mọ ẹni tó ga ju ẹnì kejì lọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àwòrán kéékèèké tó fi gbogbo ìwé hàn lórí bébà kan tàbí méjì, kí a lè rí bí ìtàn ṣe ń lọ láti ojú ìwé kan dé òmíràn. Àwòrán pẹ́ńsùlù ní ìwọ̀n gidi ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojú ìwé kan ṣoṣo tí a kun gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí a tó wá kun ìyókù. Ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ọ́ sínú ímeèlì pé mo ti wò ó, mo sì ti gbà á. Ohun tí ìparẹ́ pẹ́ńsùlù lè pa rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gba ọjọ́ mẹ́ta bí ó bá ti di aláwọ̀, ẹni tó bá sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní fi ìpele pẹ́ńsùlù ṣeré mọ́.

Nípa àtúnṣe, kí àdéhùn sọ iye ìgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì lórí pẹ́ńsùlù àti ẹ̀ẹ̀kan lórí àwọ̀ ni èmi àti ayàwòrán mi máa ń fi sí i, èyí tó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀ ní owó tirẹ̀. Kí ó tún sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣìṣe ayàwòrán àti ìyípadà ọkàn òǹkọ̀wé: bí mo bá kọ pé ajá dúdú ni, tí ó ya ajá funfun, ọ̀fẹ́ ni yóò tún un ṣe, bí mo bá jí lọ́jọ́ kan tí mo ní kí ajá di ológbò, èmi ni n ó sanwó. Mo tún kọ́ ọ pé ẹnu kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa bá ayàwòrán sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń kó èrò àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́, tí ọ̀kan ń ní kí ó fi kún un, tí èkejì ń ní kí ó yọ kúrò, iṣẹ́ náà kò ní lójú mọ́.

Owó: ìdá kan nínú mẹ́ta ní ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé, ìdá kan nígbà tí mo bá gba àwòrán pẹ́ńsùlù, ìdá tó kù nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí fáìlì ńlá tí a óò fi tẹ̀wé tó wọlé. Àwọn kan ń pín in sí méjì dọ́gba. Ẹ má san gbogbo rẹ̀ ṣáájú, ẹ má sì dì í mú títí dé ìparí, nítorí pé ìwé ọmọdé aláwòrán máa ń gba oṣù púpọ̀, ayàwòrán náà sì ní láti jẹun nínú oṣù wọ̀nyẹn. Kí ẹ tún kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ bá dúró lójú ọ̀nà. Ó wọ́pọ̀ kí ayàwòrán mú owó ìpele tó ti parí, kí a sì fi ìdá kan lé e, bíi 25 sí 50 nínú 100 owó iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ mìíràn tí ó ti kọ̀ nítorí yín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ pẹ̀lú. Bí àdéhùn bá fún ayàwòrán ní gbèdéke, kí ó fún òǹkọ̀wé náà ní iye ọjọ́ tí yóò fi dá èsì padà, kí ọjọ́ ìparí sì sún síwájú bí òǹkọ̀wé bá pẹ́.

Òǹkọ̀wé tuntun kan béèrè pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rẹ́ mi ni ayàwòrán tèmi, láti ilé ẹ̀kọ́ ni a ti jọ ń bọ̀. A pinnu pé n kò ní san nǹkan kan fún un, pé a ó jọ pín èrè dọ́gba. Ṣé ó tún yẹ kí irú wa kọ ìwé àdéhùn?

Olóòtú kan ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde fèsì:

Ẹ̀yin gan-an ni ó yẹ kí ẹ kọ ọ́ jùlọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ẹ̀tọ́ àdàkọ sì ń pẹ́ ju ogún ọdún lọ fíìfíì. Bí ọ̀kan nínú yín bá kúrò láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ni ẹnì kejì yóò máa bá ṣe é. Ìṣòro sì ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ "èrè" fúnra rẹ̀. Èrè lẹ́yìn tí a bá yọ kí ni? Owó ìtẹ̀wé, owó olóòtú, owó ìpolówó, owó ọkọ̀ tí òǹkọ̀wé wọ̀ lọ síbi ìfihàn ìwé? Mo ti rí àdéhùn níbi tí ìwé ti tà dáadáa, tí ayàwòrán kò sì rí kọ́bọ̀, nítorí pé òǹkọ̀wé ń yọ ìnáwó lórí ìnáwó, kò sì sí ìlà kan tó sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá lórí owó tó wọlé, kí a tó yọ ohunkóhun, rọrùn láti kà ju ìdá lórí èrè lọ, bí iye rẹ̀ bá tilẹ̀ kéré.

Kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe rí káàkiri iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà kan ni owó kan ṣoṣo fún àṣẹ ìlò tí a kọ àlà rẹ̀: irú ìwé wo, èdè wo, ilẹ̀ wo, ọdún mélòó, ìwé bébà nìkan tàbí pẹ̀lú ti ẹ̀rọ, àti bóyá ẹlòmíràn lè lo àwòrán kan náà. Ọ̀nà kejì ni owó kan ṣoṣo tí ó gba gbogbo ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ náà bá gbà kí a gbé kúrò lọ́wọ́ ayàwòrán, èyí sì gbọ́dọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, nítorí ayàwòrán ń ta ọ̀la rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà kẹta ni ti ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde: àsansílẹ̀, lẹ́yìn náà ìdá lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé ọmọdé aláwòrán, ó wọ́pọ̀ kí ìdá náà jẹ́ nǹkan bí 10 nínú 100 iye tí a kọ sára ìwé, kí òǹkọ̀wé àti ayàwòrán sì pín in ní 5 sí 5. Àsansílẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìdá ẹni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san án tán kí owó tuntun tó máa wọlé. Òǹkọ̀wé tó ń tẹ ìwé fúnra rẹ̀ tó bá fẹ́ san ìdá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń ṣèlérí ìṣirò owó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ayàwòrán ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tí ìṣirò náà ti wá. Bí ẹ kò bá ní sùúrù fún èyí, ẹ san owó kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ibí yìí tó sì fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde: ẹ má wá ayàwòrán, ẹ má sì ná owó yín lórí àwòrán ṣáájú. Ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń yan ayàwòrán, òun ló sì ń sanwó rẹ̀. Ìtàn tó dára tí àwòrán rẹ̀ kò bá ohun tí a ń wá mu lè pàdánù àyè nítorí àwòrán yẹn. Ó máa ń dun àwọn òǹkọ̀wé pé olóòtú kì í fẹ́ kí wọ́n máa bá ayàwòrán sọ̀rọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un. Ayàwòrán nílò àyè láti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ, kí ó má di akọ̀wé ohun tí òǹkọ̀wé ti rí lọ́kàn.

Ẹni tó ń ṣètò ojú ìwé fún ìtẹ̀wé fèsì:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ òfin, ẹ ti sọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó ti ń ṣòfò láìsí ìjà kankan. Ìwé ọmọdé aláwòrán sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 32, nítorí pé bébà ńlá ni ẹ̀rọ ń tẹ̀, a óò sì ká a di ìdì ojú ìwé 8 tàbí 16. Ìdí nìyí tí 24, 32, 40 àti 48 fi wọ́pọ̀, tí 30 kò sì sí. Bí ẹ bá yọ ojú ìwé àkọlé àti èyí tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ kúrò nínú 32, kò sábà ju ojú ìwé méjì-méjì tó dojú kọ ara wọn 12 sí 14 lọ fún ìtàn. Kí òǹkọ̀wé pín ìtàn rẹ̀ sórí iye yìí kí ó tó ka iye àwòrán fún ayàwòrán. Mo ti rí ẹni tó sanwó àwòrán 20 tí 6 nínú wọn kò rí ibi wọ̀.

Kí ìwọ̀n ìwé gan-an wà nínú àdéhùn, nítorí àwòrán tó gùn kò ṣeé sọ di oníbùú láìgé orí ẹnì kan. Kí ayàwòrán yà á kọjá etí ìwé ní mílímítà 3 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí a óò gé, kí funfun má baà yọ níbẹ̀. Kí fáìlì jẹ́ 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú ínṣì kan, ní ìwọ̀n tí a óò tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àwòrán kékeré tí a fà gùn. Kí ó má fi ojú ẹnikẹ́ni sí àárín gbùngbùn níbi tí ojú ìwé méjì ti pàdé, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń rán ìwé tàbí lẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe, tí a ń pè ní RGB, mọ́lẹ̀ ju ti ọ̀dà mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ìyẹn CMYK, lọ. Ewé tó ń tàn yòò lórí ẹ̀rọ lè rẹ̀ lórí bébà, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀dà àyẹ̀wò kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún. Èèpo ìwé ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó wà lọ́wọ́ iye ojú ìwé àti irú bébà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti kan olùbéèrè gan-an ni èyí: ṣé ọ̀rọ̀ ìtàn yín wà lórí àwòrán gẹ́gẹ́ bí apá kan àwòrán, tàbí ó wà ní ìpele tirẹ̀ nínú fáìlì, níbi tí a ti lè yọ ọ́ láìfọwọ́ kan àwòrán? Bí ayàwòrán bá fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán, kò sí bí a ṣe lè túmọ̀ ìwé náà láìtún ojú ìwé yẹn kùn. Fún ìwé kejì, ẹ sọ kí ọ̀rọ̀ dá dúró, kí ayàwòrán sì fi àyè sílẹ̀ fún un, àyè tó ju ohun tí èdè yín nílò lọ díẹ̀, nítorí èdè kan lè gùn ju òmíràn lọ. Ẹ tún sọ bóyá fáìlì onípele ni ẹ ó gbà tàbí èyí tí a ti pa gbogbo ìpele rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ayàwòrán púpọ̀ kì í fi ti onípele sílẹ̀ àfi kí a kọ ọ́ ṣáájú, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè yí àwòrán náà padà bó ṣe wù ú.

Ayàwòrán tó kọ́kọ́ fèsì padà wá:

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun mẹ́ta tí n kò sọ. Nígbà tí ẹ bá ń yan ayàwòrán, ẹ má wo àwòrán kan tó rẹwà nìkan. Ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó lè ya ọmọ kan náà ní ìgbà 20, láti igun 20, kí ó ṣì jẹ́ ọmọ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtàn yín, ẹ san owó àpẹẹrẹ náà. Àpẹẹrẹ ọ̀fẹ́ tí èèyàn mẹ́wàá yà kí ẹnì kan lè rí iṣẹ́ gbà jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni mẹ́sàn-án ṣe láìgba owó.

Ti ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, tí a ń pè ní AI, wá kù. Kí àdéhùn béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán pé kí ó sọ bí ó bá lò ó, kí ó sì sọ ibi tí ó ti lò ó. Iléeṣẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà kì í forúkọ ohun tí ẹ̀rọ nìkan ṣe láìsí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà, òǹkọ̀wé lè san owó lórí ohun tí kò sí ẹni tó lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti dà á kọ. Amazon náà, lórí ibi tí a ti ń tẹ ìwé fúnra ẹni, ti ń béèrè láti ọdún 2023 pé kí òǹkọ̀wé sọ bí ẹ̀rọ bá ṣe àwòrán inú ìwé rẹ̀. Kí òǹkọ̀wé náà sì ṣèlérí pé òun kò ní kó àwòrán ayàwòrán sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe ìwé kejì láìsí i.

Ẹ̀kẹta, ìbéèrè ni mo ní. Níbo ni orúkọ ayàwòrán wà nínú ìwé yín? Àdéhùn Berne ka ẹ̀tọ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ owó: pé kí a mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́, kí a má sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́nà tó lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Orúkọ lórí èèpo iwájú ló ń mú iṣẹ́ mìíràn wá fún wa, bẹ́ẹ̀ ni ní orílẹ̀-èdè bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba ti ń san owó lórí ìwé tí a yá ní ibi ìkàwé, ayàwòrán lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì gba ìpín tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ló sì ń jẹ́rìí sí i.

Olùbéèrè fèsì:

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín léraléra láti ijẹ́ta. Mo kọ̀wé sí ayàwòrán mi lánàá, mo sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún bí èsì mi àkọ́kọ́ ṣe le. A ti fẹnu kò lórí ìtumọ̀: yóò gba ìdá kan nínú ohun tí ilé iṣẹ́ náà bá san, fún èdè kan yẹn nìkan, fún ọdún 7, bí ìwé náà bá sì kúrò lórí igbá kí ọdún náà tó pé, àṣẹ yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ wà ní ìpele tirẹ̀ nínú gbogbo fáìlì àfi ojú ìwé 2, òun yóò sì tún méjèèjì ṣe. Ti aṣọ àti káàdì, a ti fi í sílẹ̀ di ìgbà tí a bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó lè dá a ṣe nínú àwa méjèèjì. Fún ìwé kejì, bébà ìrísí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kọ ọjọ́ orí gbogbo àwọn ọmọ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Nípa orúkọ, mo dìde lọ mú ìwé náà wò nígbà tí mo ka ìbéèrè yẹn. Orúkọ mi nìkan ló wà lórí èèpo iwájú. Tirẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé, ní lẹ́tà kéékèèké, lábẹ́ orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Kò bá mi sọ ọ́ rí. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣètò èèpo ìwé náà pé kí ó tún un ṣe kí a tó tẹ ẹ̀dà tuntun, mo sì ti sọ fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ pé orúkọ méjèèjì ni yóò wà níwájú.